Ó gba ife méjì, wọ́n ní kó máa lọ: Kovač, Zebec àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ife ò gbà là

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la gbé dé lónìí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù ò kàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù wà nínú ẹ̀, ó máa kàn yín kó tó parí.

Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwa mélòó kan kóra jọ sílé ẹ̀gbọ́n wa kan ní Marzahn níbí, ní òkè kẹjọ ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro tí ìjọba DDR ayé ọjọ́un kọ́. A ti jẹ àmàlà tán, a ń palẹ̀ àwo mọ́, ni ìròyìn bá jáde lórí tẹlifíṣàn pé Bayern Munich àti akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Niko Kovač, ti pínyà. Ọmọ ilé náà, tí ò tíì ju ọmọ ọdún 11 lọ, yíjú sí bàbá ẹ̀. Ó ní, "Daddy, ṣebí ife méjèèjì ló gbà? Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́?"

Bàbá ẹ̀ ní, "Bọ́ọ̀lù nìyẹn."

Ohun tí àwa àgbà máa ń sọ fún ọmọ nìyẹn nígbà tí a ò bá mọ ohun tí a máa sọ. Mo ti ka nǹkan sí i láti ìgbà náà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè rí èsì fún un.

Ta ni Kovač?

Ọmọ Berlin ni. Wedding ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Croatia láti ilẹ̀ Bosnia, wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì bí ọ̀pọ̀ nínú àwa náà ṣe wá. Ní Wedding yìí náà ni àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Afrikanisches Viertel wà, níbi tí títì Togostraße àti Kameruner Straße wà, tí àwọn ará wa kan ti gbé rí kí wọ́n tó kó wá sí apá ìlà-oòrùn níbí. Kovač gbá bọ́ọ̀lù fún Hertha láti 1991 sí 1996, ó lọ sí Leverkusen, ó wá lo ọdún méjì ní Hamburg pẹ̀lú HSV, láti 1999 sí 2001, kí Bayern tó mú un. Gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ó bá Bayern gba líìgì àti ife DFB ní 2003, lẹ́yìn náà ló padà sí Hertha. Ìlú wa méjèèjì ló mọ̀ ọ́n dáadáa. Kódà, nígbà World Cup 2006, òun ni kápítéènì Croatia nígbà tí wọ́n bá Brazil gbá ní Olympiastadion, nínú ìlú tí wọ́n ti bí i.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni èyí tó ṣe ní Frankfurt. Oṣù kẹta ọdún 2016 ló débẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti fẹ́ já bọ́ sí ìsàlẹ̀, díẹ̀ ló kù. Ó fà wọ́n yọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé wọn dé ìparí ife DFB ní Berlin, Dortmund sì nà wọ́n. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ó tún gbé wọn dé Berlin, Bayern fúnra ẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì na Bayern 3 sí 1. Ife àkọ́kọ́ tí Frankfurt gbà láti 1988 nìyẹn. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé láti oṣù kẹrin ni Bayern ti kéde pé òun ló máa di akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn lẹ́yìn Jupp Heynckes. Ọ̀gá tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ló nà yẹn, kó tó dé ọ́fíìsì.

Ẹ fi orúkọ Frankfurt yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Bó ṣe gba ife

Ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ ní Bayern ò rọrùn rárá. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Hertha nà wọ́n 2 sí 0 níbí ní Berlin. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, Gladbach nà wọ́n 3 sí 0 nínú ilé wọn. Nígbà tí Düsseldorf tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá bá wọn gbá 3 sí 3 ní Munich nínú oṣù kọkànlá, ìwé ìròyìn ti ń kọ ìwé lílọ ẹ̀ sílẹ̀. Dortmund fi póìǹtì 9 ṣíwájú nígbà kan. Ní oṣù kẹta 2019, Liverpool wá nà wọ́n 3 sí 1 ní Munich, wọ́n jáde nínú Champions League.

Síbẹ̀, Kovač ò jáwọ́. Ó fi sùúrù lé Dortmund bá. Ní ọjọ́ tí líìgì parí, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ta ni wọ́n tún bá pàdé? Frankfurt. Bayern fi 5 sí 1 nà wọ́n, David Alaba tiwa wà lára àwọn tó jẹ góòlù. Mo ní tiwa torí ọmọ Ogere Rẹ́mọ ni bàbá ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Vienna ni wọ́n bí òun sí. Póìǹtì 78 ni Bayern ní, Dortmund ní 76. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25, wọ́n na Leipzig 3 sí 0 ní Olympiastadion, wọ́n gba ife DFB mọ́ ọn. (Ní líìgì Jámánì, àwo fàdákà ńlá ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe ife, ṣùgbọ́n ife la máa ń pe gbogbo ẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀.)

Ẹni tó gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ní 2003 ló tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ ò bá rò pé wọ́n á kọ́lé fún un.

Oṣù márùn-ún péré

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2019, Bayern lọ sí London, wọ́n na Tottenham 7 sí 2. Serge Gnabry, tí bàbá ẹ̀ wá láti Côte d'Ivoire, nìkan jẹ góòlù 4. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, Hoffenheim nà wọ́n nílé 2 sí 1. Wọ́n bá Augsburg gbá 2 sí 2, ibẹ̀ ni Niklas Süle ti fara pa lórúnkún, ẹ̀yìn wọn wá ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí pápá nìkan ni wàhálà wà. Thomas Müller, ọmọ ilé Bayern láti kékeré, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní eré bíi mélòó kan tẹ̀ léra. Wọ́n bi Kovač nípa ẹ̀, ó dáhùn pé bí ọ̀ràn bá di dandan, Müller á rí ìṣẹ́jú tiẹ̀ gbá. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún létí o! Ẹni tó ti gba World Cup lò ń sọ fún pé ìgbà tí kò bá sí ẹlòmíràn mọ́ lo máa pè é. Kovač gbà lẹ́yìn náà pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bi í ìdí tí Bayern ò fi ń sáré bíi Liverpool, ó ní èèyàn ò lè wa ọkọ̀ ní eré 200 lórí Autobahn bí ọkọ̀ ẹ̀ ò bá lè sáré ju 100 lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ọkọ̀ yẹn gbọ́.

Ní ọjọ́ Saturday, ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, wọ́n lọ sí Frankfurt. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni rẹfirí fún Jérôme Boateng ní káàdì pupa. Boateng yìí náà, ọmọ Berlin ni, bàbá ẹ̀ wá láti Ghana. Ó wá ku èèyàn mẹ́wàá. Frankfurt nà wọ́n 5 sí 1.

Iye góòlù tó fi na Frankfurt lọ́jọ́ tó gba ife ni Frankfurt fi lé e kúrò lórí àga. Ní ọjọ́ kejì, òun, Uli Hoeneß, Karl-Heinz Rummenigge àti Hasan Salihamidžić jókòó, wọ́n sì gbà pé kó máa lọ. Kovač fúnra ẹ̀ sọ pé ìpinnu tó dára fún ẹgbẹ́ nígbà yẹn ni. Ipò kẹrin ni Bayern wà, eré 10 péré ni wọ́n tíì gbá.

Ìdí ẹ̀ gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé góòlù 5 yẹn ló lé e. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bayern ti jìyà rí, wọn ò sì lé ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ìyà dé, kò sí ẹni tó dúró tì í nínú ilé. Ife jẹ́ owó iṣẹ́ tí o ti ṣe, wọ́n ti san án. Kì í ṣe ìdúró fún iṣẹ́ tó kàn. Ẹni tó máa dúró fún ọ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn tó wà lókè, bí àwọn méjèèjì bá sì ti yọwọ́, àwo fàdákà ò ní ẹnu tó fi máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Bayern ju 20 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé àdéhùn tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù yúrò. O ò lè lé wọn láàárín ọdún, ìgbà tí ọjà bá ṣí nìkan lo lè tà wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí ilé ò bá tòrò, ẹnì kan ló rọrùn jù láti ní kó jáde. Ìkejì, ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀ ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2019 ni wọ́n mú Hansi Flick wá gẹ́gẹ́ bí igbákejì ẹ̀, ẹni tó ti ṣe igbákejì fún Joachim Löw nígbà tí Jámánì gba World Cup 2014. Bí wọ́n bá mú irú igbákejì bẹ́ẹ̀ wá fún ọ, kó o ti mọ̀. Ìkẹta, ọjọ́ ti sún mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ni ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bayern, níbi tí Hoeneß ti fẹ́ fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Ní Jámánì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ohùn tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, kì í ṣe olówó kan ṣoṣo bíi ti England. Ta ló fẹ́ dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó máa ṣàlàyé 5 sí 1?

Ohun tó wá dùn mọ́ àwọn tó lé e nínú ni pé ó yọrí sí rere fún wọn. Lábẹ́ Flick, Alaba tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹ̀yìn apá òsì di ọ̀gá àárín ẹ̀yìn, Alphonso Davies, ọmọ Liberia tí wọ́n bí sí àgọ́ àwọn tó sá fún ogun ní Ghana, gba apá òsì, Müller sì padà sójú iṣẹ́. Wọ́n na Barcelona 8 sí 2. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n na PSG 1 sí 0 ní Lisbon. Ife mẹ́ta nínú ọdún kan. Ilé tí Kovač kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti kọ́ ni Flick gbé inú ẹ̀ jẹun? Mo rò pé òótọ́ wà nínú ìyẹn díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà ni, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ló yàtọ̀.

Hamburg náà mọ irú ẹ̀

Ẹ̀yin ará Hamburg, ẹ má rẹ́rìn-ín sí Bayern. Ní 1979, HSV gba líìgì, èyí tí wọn ò gbà láti 1960. Branko Zebec, ọmọ Zagreb, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Günter Netzer ni máníjà, Kevin Keegan ni ìràwọ̀ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, wọ́n na Real Madrid 5 sí 1 ní Volksparkstadion, wọ́n dé ìparí European Cup, Nottingham Forest wá fi góòlù 1 gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, HSV ní kí Zebec máa lọ, bẹ́ẹ̀ HSV ń bá Bayern du ipò kìíní lọ́wọ́ ni. Ọtí ni. Àìsàn ọtí ti mú ọkùnrin náà gidi, ọlọ́pàá ti mú un lójú ọ̀nà Autobahn nígbà tó ń lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dortmund. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń bò ó láṣìírí. Nígbà tí kò ṣeé bò mọ́, ife 1979 kò rí nǹkan ṣe fún un. Ó kú ní 1988, kò tíì pé ọmọ 60 ọdún.

Àánú ẹ̀ ṣe mí ju ti Kovač lọ. Torí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn: òun náà ló fún Bayern ní ife Bundesliga àkọ́kọ́, líìgì àti ife DFB pọ̀ ní 1969, wọ́n sì bá a pínyà ní oṣù kẹta 1970. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní ó tó.

HSV ò jìyà ẹ̀ pẹ́. Ernst Happel dé ní 1981, ó gba líìgì ní 1982 àti 1983, ó sì gba European Cup ní Athens ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1983. Góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Juventus, Felix Magath ló jẹ ẹ́. Magath yìí náà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Bayern, ó gba líìgì àti ife DFB pọ̀ ní 2005, ó tún gba méjèèjì ní 2006, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí ní Jámánì kó tó dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n lé e. Kò bínú, ó lọ sí Wolfsburg. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ó fi Wolfsburg na Bayern 5 sí 1, ó sì gba líìgì lọ́dún náà. Ẹ ṣáà rí 5 sí 1 yẹn, bí ẹni pé ó ní nǹkan kan tó ń wá.

Wọ́n tún ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa Udo Lattek, tó gba líìgì ní 1972, 1973 àti 1974, tó sì gba European Cup fún Bayern ní 1974. Nígbà tí nǹkan ò lọ dáadáa mọ́, ó lọ bá ààrẹ ẹgbẹ́ pé nǹkan gbọ́dọ̀ yí padà. Ààrẹ ní òótọ́ ni, ó ti yí padà, ìwọ máa lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ 1975 nìyẹn.

Nürnberg ló wá burú jù. Max Merkel, ọmọ Austria, gba líìgì fún wọn ní 1968. Ó wá ta àwọn ọmọ tó gba ife náà. Franz Brungs, tó jẹ góòlù jù nínú ẹgbẹ́ náà, Hertha níbí ní Berlin ló tà á fún. Ní oṣù kẹta ọdún 1969, wọ́n lé Merkel, ó ti pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ tó ní ife lọ́wọ́ já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn nínú Bundesliga. Nítorí náà, nígbà míràn ẹni tí wọ́n lé náà ní ẹ̀bi tiẹ̀, kí a má kàn máa káàánú.

Láìpẹ́ yìí náà, Julian Nagelsmann gba líìgì fún Bayern ní 2022. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n lé e, póìǹtì kan péré ni Dortmund fi ṣíwájú, wọ́n ṣì wà nínú Champions League àti ife DFB. Thomas Tuchel wà nílẹ̀ láìníṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ẹgbẹ́ míràn á mú un. Bayern gba líìgì náà ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, Jamal Musiala jẹ góòlù ní Cologne nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n tó fọ ara tán, Oliver Kahn àti Salihamidžić tí wọ́n lé Nagelsmann gba ìwé lílọ tiwọn. Salihamidžić, tó sá fún ogun Bosnia wá sí Hamburg ní ọmọdé, tó sì ti HSV dìde, ni ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ Kovač ní 2019. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ilé wa ńkọ́?

Àwa náà ò ṣàìmọ̀ ọ́n ṣe. Shuaibu Amodu ló gbé Super Eagles dé World Cup 2002, ó gba ipò kẹta ní ife Áfíríkà ní Mali ní oṣù kejì ọdún yẹn, wọ́n lé e, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Adégbóyè Onígbìndé. Wọ́n tún pè é padà, ó tún gbé wọn dé World Cup 2010, ó tún gba ipò kẹta ní Angola, wọ́n tún lé e, òyìnbó ará Sweden kan, Lars Lagerbäck, ló kó ẹgbẹ́ lọ sí South Africa. Ẹni kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ti Stephen Keshi tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013, ó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní Johannesburg, Sunday Mba jẹ góòlù kan tí gbogbo wa jó sí. Lọ́jọ́ kejì, Keshi bọ́ sórí rédíò, ó lóun ti fiṣẹ́ sílẹ̀, torí ó gbọ́ pé wọ́n ti ń múra láti lé òun kí òun tó bá Côte d'Ivoire gbá ní ìdíje yẹn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Ní 2015, wọ́n lé e ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, Keshi kú, kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí Amodu náà kú. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ẹbí wa ní London, ẹ ò nílò kí n rán yín létí Claudio Ranieri tó gba líìgì fún Leicester ní 2016, tí wọ́n lé ní oṣù kejì 2017, tàbí Roberto Di Matteo tó gba Champions League fún Chelsea nínú ilé Bayern ní oṣù karùn-ún 2012, tó sì ti lọ kí oṣù kọkànlá tó parí.

Iyàtọ̀ tó wà láàárín Kovač àti èmi pẹ̀lú ẹ

Ibi tó kan ẹ̀yin ìyá rèé. Ní Jámánì, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì nípa akọ́nimọ̀ọ́gbá: entlassen àti freigestellt. Èkejì yẹn ni ohun tí a máa ń pè ní "lọ rọọ́kún nílé." Ìwé àdéhùn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń ní ọjọ́ tó máa parí. Lábẹ́ òfin Jámánì, wọn ò lè fi ìkìlọ̀ lásán fòpin sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ẹ̀ tàbí tó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Nítorí náà, wọ́n á ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́, owó ẹ̀ á sì máa wọlé títí tí ọjọ́ á fi pé, tàbí kí wọ́n jọ jókòó ṣàdéhùn owó kan. Ìwé Kovač yẹ kó dé 2021, ti Nagelsmann yẹ kó dé 2026. Ẹni tí wọ́n lé lọ sílé pẹ̀lú owó nìyẹn.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó létí fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn ní Marzahn, tó ti ń fi ẹ̀rín sọ pé "Kovač jẹ́ ẹni ire, ó bá wọn sọ ọ́ ní ìrọ̀rùn," rí ìwé kan gbà níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i kí wọ́n lè jọ pínyà ní ìrọ̀rùn. Aufhebungsvertrag ni orúkọ ìwé náà. Ó fọwọ́ sí i torí kò fẹ́ ìjà. Nígbà tó dé Agentur für Arbeit, wọ́n sọ fún un pé òun fúnra ẹ̀ ló gbà láti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò ní rí owó gbà fún ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n ń pè é ní Sperrzeit. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé.

Bí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ mú un lọ sílé kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi han ẹni tó mọ òfin. Bó bá jẹ́ ìwé ìlélọ gidi, ìyẹn Kündigung, ó gbọ́dọ̀ wà lórí bébà pẹ̀lú ìfọwọ́sí, wọn ò lè fi WhatsApp lé yín. Láti ọjọ́ tí ó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ 3 péré lẹ ní láti gbé e lọ sí Arbeitsgericht. Bí ọ̀sẹ̀ 3 bá kọjá, ẹjọ́ ti bọ́. Ẹ sì sọ fún Agentur für Arbeit láàárín ọjọ́ 3 pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, kódà bí ẹ bá ṣì ń bá ibi iṣẹ́ yín ṣẹjọ́. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi ver.di lè rí lọ́yà lọ́dọ̀ wọn láìsan owó lọ́yà lápò ara wọn.

Kovač náà ò jókòó sílé títí. Ó lọ sí Monaco ní 2020, wọ́n lé e níbẹ̀. Ó lọ sí Wolfsburg ní 2022, wọ́n tún lé e ní 2024. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Dortmund, tó fi póìǹtì 2 borí ní 2019, pè é wá. Ipò kọkànlá ló bá wọn, ó gbé wọn dé ipò kẹrin kí líìgì tó parí. Ọmọ ọdún 11 ọjọ́ yẹn ti dàgbà báyìí, ohùn ẹ̀ ti kẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn yẹn, ohun àkọ́kọ́ tó bi bàbá ẹ̀ ni iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn Kovač.